Ilẹ̀ Ni Ó Ń Yan Ìpìlẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Oríṣìí Ìpìlẹ̀ Ilé àti Ọ̀nà Tí A Fi Ń Yàn Láàárín Wọn

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò oríṣìí ìpìlẹ̀ tí a máa ń gbé ilé lé lórí ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ó sì ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tí ó yẹ ilẹ̀ tí ó rà. Èrò tí iṣẹ́ náà dúró lé ni pé ilẹ̀ ni ó ń yan ìpìlẹ̀. Kì í ṣe àpò onílé, kì í sì í ṣe ilé aládùúgbò. A gbìyànjú láti sọ gbogbo rẹ̀ ní èdè Yorùbá, nítorí pé èdè yìí ni àwọn bíríkìlà wa àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn fi ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìpìlẹ̀.

Ìfáárà

Ilé kíkọ́ wà lára ohun tí Yorùbá fi ń mọ ẹni tí ó ti gòkè àgbà. Láàárín àwa olùkọ́, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà kọ́ ọ kò fara sin. A ó dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún mélòó kan, a ó yá ìlọ́po rẹ̀, a ó ra ìdajì púlọ́ọ̀tì ní ẹ̀yìn ìlú, a ó sì máa fi owó oṣù san gbèsè náà títí tí ọmọ tí ó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tí ó bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé kò ní òmíràn tí yóò fi tún un kọ́. Bí ògiri ilé náà bá wá lanu lẹ́yìn òjò ọdún méjì, kì í ṣe ògiri nìkan ni ó lanu.

Ilé tí ó wó lulẹ̀ tí ó sì pa ènìyàn ni ìwé ìròyìn máa ń gbé. A kò tíì gbàgbé ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ tí ó wó ní Ìta Fàájì ní Èkó ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2019, tí ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tí ó kú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, tí ó wó ní ọjọ́ 1, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, tí ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. A kò sọ pé ìpìlẹ̀ ni ó wó àwọn ilé wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ń wólé: irin tí kò tó, sìmẹ́ǹtì tí a fi iyanrìn bò mọ́lẹ̀, àjà tí a fi kún àjà láìgba ìyọ̀ǹda. Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni ilé onígbèéwọ̀n ti àwa àti àwọn ènìyàn wa, ilé oníyàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí kì í wó, ṣùgbọ́n tí ó ń sán, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í padé mọ́, tí onílé sì ń fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ ni àìsàn náà wà.

Iṣẹ́ tí Ìpìlẹ̀ Ń Ṣe

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé ìpìlẹ̀ ni ó ń gbé ilé dúró. Ọ̀rọ̀ náà kò péye tó. Ilẹ̀ ni ó ń gbé ilé dúró. Iṣẹ́ ìpìlẹ̀ ni láti gba ẹrù ògiri àti ti òrùlé, kí ó sì pín in fún ilẹ̀ ní ìwọ̀n tí ilẹ̀ lè gbà. Obìnrin tí ó bá ti fi bàtà onígìgísẹ̀ ṣóńṣó rìn kọjá ilẹ̀ rírọ̀ ti mọ ohun tí a ń wí. Gìgísẹ̀ bàtà náà yóò rì; ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ ọ, tí ó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ, kò ní rì. Ara kan náà ni, bí ẹrù ṣe balẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré tì í lẹ́yìn. Kí a gbà pé mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri kan gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 3 wá sórí ìpìlẹ̀. Bí ìbú kọnkéré ìpìlẹ̀ náà bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹrù tí yóò kan ilẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 5 lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí onílé bá wá sọ ilé náà di pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tí ẹrù ògiri sì di tọ́ọ̀nù 6, ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà yóò máa ru tọ́ọ̀nù 10. Ìpìlẹ̀ kò yí padà, ilẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú ìṣirò ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò, amọ̀ rírọ̀ kì í lè ru tó tọ́ọ̀nù 7.5 lórí irú ìwọ̀n ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Amọ̀ tí ó le díẹ̀ lè ru 7.5 sí 15. Èyí tí ó le gan-an lè ru 15 sí 30. Iyanrìn tí ó kì mọ́ra níwọ̀nba ń ru 10 sí 30 bí omi abẹ́ ilẹ̀ bá jìnnà sí i. Ní ti àpáta tí kò tíì jẹrà, kò sí ohun tí olùkọ́ lè kọ́ tí kò ní lè rù. A ó rí i, nígbà náà, pé ilé tí ó dúró ṣinṣin lórí yangí lè di ẹrù àpọ̀jù lórí amọ̀ àkùrọ̀ láìsí pé bíríkìlà ṣe ohun tí ó yàtọ̀.

Kókó kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju èyí lọ. Kò sí ilé tí kì í rì díẹ̀. Bí gbogbo igun ilé bá rì bákan náà, onílé lè má mọ̀ láéláé. Ewu wà níbi tí igun kan bá rì tí ìkejì kò rì, nítorí pé ògiri búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, kíkán ni í kán. Ilé-ìṣọ́ ìlú Pisa ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tí àwòrán rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ ilé-ìwé, ni àpẹẹrẹ tí ayé mọ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1173 lórí ìpìlẹ̀ tí kò jìn ju nǹkan bíi mítà 3 lọ, lórí amọ̀ àti iyanrìn rírọ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ọ dé àjà kẹta, ó ti ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí àwọn ẹnjiníà máa fi tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà fún àwọn àlejò ní ọdún 2001, kì í ṣe pé wọ́n gbé ẹ̀gbẹ́ tí ó rì sókè. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, kí òun náà lè rì díẹ̀.

Ìmọ̀ Àwọn Baba Wa

Àwọn kan lè béèrè pé kí ni ìdí tí ilé amọ̀ àwọn baba wa fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọn kò mọ kọnkéré. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì ní ẹ̀kọ́ nínú. Lọ́nà kìn-ín-ní, ògiri amọ̀ nípọn, kò sì ga. Bí ó ti nípọn tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó lórí ilẹ̀. Lọ́nà kejì, ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n: wọn a mọ ipele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹrù kì í ṣàdédé dé sórí ilẹ̀. Lọ́nà kẹta, bí ògiri amọ̀ bá sán, amọ̀ náà ni wọ́n fi ń dí i, wọn a sì tún ojú ilé rẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ó tóbi jù, gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe rí i, ni pé àwọn baba wa kì í kọ́lé síbi tí kò yẹ. Orí ilẹ̀ gíga tí omi kì í dúró sí ni wọ́n ń tẹ ìlú dó sí. Àkùrọ̀ wà fún ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn. Lónìí, ilẹ̀ gíga ti tán nínú ìlú. Àkùrọ̀ tí àwọn baba onílẹ̀ ń gbin ẹ̀fọ́ sí ni àwọn ọmọ wọn ń fi okùn pín, tí wọ́n ń tà fún wa ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń mú oníbàárà lọ wò ó.

Ohun mìíràn tún wà tí ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́lé sí àárín ìlú àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Amọ̀ tí a fi mọ ilé agboolé, itòsí ilé náà ni wọ́n ti máa ń wà á. Kòtò tí ó kù sílẹ̀ yóò di ààtàn, ààtàn yóò kún, yóò di pẹrẹsẹ, koríko yóò hù, ọmọ-ọmọ yóò sì tà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ṣálángá tí ó ti dí. Ẹni tí ó bá gbé igun ilé lé orí irú ibẹ̀ ti gbé e lé orí pàǹtírí.

Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ará etí ọ̀sà tí kò ní ilẹ̀ gíga kankan láti sá lọ ní ọgbọ́n tiwọn. Igi gbọọrọ ni wọ́n ń rì sínú ẹrẹ̀ títí tí yóò fi dúró, tí wọ́n sì ń tẹ́ pákó ilé lé e lórí. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń fi kọnkéré àti irin dá ní Èkó lónìí, bí a ó ti rí i níwájú.

Ilẹ̀ Tí Ó Wà Lábẹ́ Wa

Ìlàjì ilẹ̀ Yorùbá tí ó wà lókè, láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, orí àpáta àtayébáyé ni ó jókòó lé. Àpáta náà ti jẹrà lápá òkè, ó ti di ilẹ̀ pupa àti yangí. Níbi tí omi kò bá ti bà á jẹ́, ilẹ̀ yìí dára púpọ̀ fún ilé kíkọ́. Ìhà ìsàlẹ̀, láti Bàdágìrì dé Èkó, dé gúúsù ìpínlẹ̀ Ògùn àti agbègbè Òkìtìpupa, erùpẹ̀ tí omi kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Iyanrìn wà níbẹ̀, amọ̀ wà, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Èwékorò náà wà. Ní etí ọ̀sà Èkó, ó wọ́pọ̀ kí a bá iyanrìn lókè, kí a sì bá amọ̀ rírọ̀ tàbí ilẹ̀ dúdú tí ó jẹ́ ewé àti igi jíjẹrà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ojú ilẹ̀ nìkan kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí pe gbogbo ilẹ̀ iyanrìn ní ilẹ̀ burúkú. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Bàdágìrì ní ọdún 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845, ìlú etí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Iyanrìn tí ó kì, tí kò sí ohun tí ó ń wọ́ ọ lọ, a máa ru ẹrù dáadáa.

Amọ̀ kan wà tí ó ń wú nígbà òjò tí ó sì ń sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, bíi Borno, ni ó ti gbajúmọ̀ jù, ṣùgbọ́n a máa ń pàdé irú rẹ̀ níwọ̀nba lọ́dọ̀ wa náà. Bí ilẹ̀ bá là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ ibi tí ó là, kí onílé lọ pe ẹnjiníà kí ó tó pe bíríkìlà.

Oríṣìí Ìpìlẹ̀

Mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà. Orúkọ tí a fún wọn níhìn-ín jẹ́ èyí tí a fi iṣẹ́ wọn sọ wọ́n, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tètè mọ̀ wọ́n.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìpìlẹ̀ abẹ́-ògiri. A ó gbẹ́ kòtò gígùn tọ ipa gbogbo ògiri, a ó da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì mọ búlọ́ọ̀kù lé e títí yóò fi yọ sókè. Fún ògiri búlọ́ọ̀kù ínṣì 9, ìbú kọnkéré máa ń tó mílímítà 675, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta ìbú búlọ́ọ̀kù. Ìpọn rẹ̀ máa ń jẹ́ mílímítà 225. Jíjìn kòtò sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 90 sí 120, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó pàṣẹ jíjìn rẹ̀ ni ibi tí a bá ti kan ilẹ̀ líle. Lórí ilẹ̀ pupa tí ó le, fún ilé ilẹ̀, ìpìlẹ̀ yìí tó, kò sì sí ìdí láti wá òmíràn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn ni a ń gbẹ́ ẹ, kí ìsàlẹ̀ kòtò lè tẹ́jú ní ibi gbogbo. Bí a bá jẹ́ kí ìsàlẹ̀ kòtò dagun pẹ̀lú ilẹ̀, ilé yóò fẹ́ yọ̀ lọ.

Ìkejì ni ìpìlẹ̀ abẹ́-òpó. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé òpó onírin ni ó ń gbé ilé, bí a ti ń rí i nínú ọ̀pọ̀ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, òpó kọ̀ọ̀kan yóò ní àtẹ́lẹsẹ̀ kọnkéré tirẹ̀. Irin tí a dì bí àwọ̀n ni a ń tẹ́ sínú rẹ̀, a ó sì fi igi-àjà onírin so àwọn òpó náà pọ̀ nísàlẹ̀. Ìpìlẹ̀ yìí ń fẹ́ ilẹ̀ tí ó dára, tí ó sì rí bákan náà lábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ kan bá bọ́ sí ẹrẹ̀, gbogbo ilé ni yóò mọ̀.

Ìkẹta ni ìpìlẹ̀ àtẹ́kárí, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ráfùtù. Kọnkéré onírin kan ṣoṣo ni a tẹ́ kárí gbogbo abẹ́ ilé, tí a sì fi igi-àjà onírin sí abẹ́ àwọn ògiri rẹ̀. Bí ẹní ni ó rí: ó pín ẹrù gbogbo ilé fún gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, bí ibì kan nínú ilẹ̀ náà bá sì rọ̀ ju ibòmíràn lọ, kọnkéré náà yóò fo ibẹ̀ dá bí afárá. Ó dára fún ilẹ̀ rírọ̀ tí kò rọ̀ jù, àti fún ilẹ̀ tí kò dọ́gba. Àmọ́ irin àti sìmẹ́ǹtì tí ó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Níhìn-ín ni a ti fẹ́ sọ èrò ọkàn wa. Ráfùtù ti di aṣọ ẹgbẹ́jọdá ní àwọn àdúgbò tuntun. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ yangí gidi yóò rí i lọ́dọ̀ aládùúgbò, yóò sì yá owó kún owó láti ṣe tirẹ̀, títí tí owó òrùlé yóò fi wọlẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn a sì gbọ́ orúkọ náà nìkan, a tẹ́ kọnkéré fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí irin inú rẹ̀ kò tó nǹkan sórí àbàtà, a sì fọkàn balẹ̀ pé òun ti ṣe ráfùtù. Àkọ́kọ́ fi owó ṣòfò. Èkejì fi ilé ṣòfò.

Ìkẹrin ni ìpìlẹ̀ òpó-àrìmọ́lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní páìlì. Níbi tí ilẹ̀ líle bá jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kòtò kò lè dé ibẹ̀, òpó gígùn ni a ń fi ẹ̀rọ gbá wọlẹ̀, tàbí kí a fi ẹ̀rọ lu ihò kí a sì da kọnkéré onírin sínú rẹ̀. Òpó náà lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ líle tí ó wà nísàlẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé bí ilẹ̀ ṣe dì í mú yí ara rẹ̀ ká ni ó mú kí ó lè ru ẹrù. Èyí ni ìbátan igi àwọn Ìlàjẹ. Ọ̀pọ̀ ilé gíga ní Èkó kò lè ṣe aláìní i. Owó rẹ̀ kọjá ohun tí owó alájẹṣẹ́kù lè ṣe, nítorí náà, bí a bá sọ fún olùkọ́ pé àfi páìlì nìkan ni ilẹ̀ rẹ̀ gbà, ìmọ̀ràn tí ó dára jù ni kí ó wá ilẹ̀ mìíràn.

Bí A Ṣe Ń Yàn

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Kí a tó sanwó ilẹ̀ ni yíyan ìpìlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ó lọ wò ó ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tẹ́rùn. Kí ó yọjú wo kànga àwọn aládùúgbò: bí omi kò bá jìnnà sí ẹnu kànga, omi náà kò jìnnà sí ìpìlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó wo ọgbà àti ilé tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá sán. Ìsán tí ó dagun láti igun fèrèsé, tí ó sì fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, ìròyìn láti inú ilẹ̀ ni. Èyí tí ó rí wínníwínní bí okùn aláǹtakùn lójú sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ògiri kì í sábà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìpìlẹ̀. Kí ó sì bi àgbàlagbà àdúgbò léèrè ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó kan tí ó ti gbé ibẹ̀ láti kékeré mọ ibi tí ààtàn wà ju ẹni tí ó ta ilẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, kí ó gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò, ó kéré tán ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ibi tí ilé yóò jókòó sí, kí ó jìn tó mítà kan ààbọ̀ sí méjì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún àwọn òṣìṣẹ́ méjì, owó rẹ̀ kò sì tó iye tí a ó fi ra ilẹ̀kùn kan. Ilẹ̀ tí ó bá jáde ni a ó yẹ̀ wò ní ìpele ìpele. A lè fi omi díẹ̀ pò ó, kí a sì fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lórí pákó títí yóò fi tín-ín-rín bí okùn. Bí ó bá ń já kó tó tín-ín-rín, iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá tín-ín-rín tó mílímítà 3 láìjá, amọ̀ ni. Ọ̀nà kejì ni kí a bu ilẹ̀ náà sínú ìgò tí ó mọ́ gaara, kí a bu omi sí i, kí a mì í, kí a sì gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn yóò ti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, amọ̀ yóò wà lórí rẹ̀, ewé jíjẹrà yóò sì léfòó. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ilé-ìwé nípa ilẹ̀ kò nílò ohun èlò mìíràn. Fún pẹ́tẹ́ẹ̀sì, tàbí fún ilẹ̀ èyíkéyìí tí ó sún mọ́ omi, àyẹ̀wò ọwọ́ kò tó. Ẹnjiníà ni yóò gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gún ilẹ̀ wá, kí ó lè wọn agbára ilẹ̀ dé ibi tí kòtò wa kò lè dé.

Bí kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bá ilẹ̀ líle pàdé ní jíjìn kan náà, ìpìlẹ̀ abẹ́-ògiri ti tó fún ilé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ilẹ̀ náà bá rọ̀ díẹ̀ ní ibi gbogbo, a lè mú kí kọnkéré fẹ̀ sí i, tàbí kí a lọ sí àtẹ́kárí. Bí ó bá jẹ́ ààtàn tàbí ilẹ̀ dúdú ni, a ó kó o kúrò títí a ó fi kan ilẹ̀ gidi; bí a kò bá rí òpin rẹ̀, a ó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Èyí tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni ilẹ̀ tí apá kan rẹ̀ dára tí apá kejì kò dára. Ní Abẹ́òkúta, kò ṣòro láti rí púlọ́ọ̀tì tí àpáta yọ orí ní iwájú rẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ lásán. Inú onílé a máa dùn pé àpáta ti di ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún òun. Apá tí ó wà lórí àpáta kò ní rì rárá. Apá kejì yóò rì díẹ̀. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ògiri yóò ti kán. Nínú irú ọ̀ràn yìí, kí a gbẹ́ apá rírọ̀ náà títí yóò fi kan àpáta. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí a kọ́ ilé náà ní apá méjì tí a fi àlàfo tín-ín-rín pín níyà, kí ọ̀kan lè rì láìfa èkejì lọ́wọ́.

Mo ní ẹ̀rí irú ọ̀ràn yìí lára ilé tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àpáta níbẹ̀. Ilẹ̀ tí mo rà dagun díẹ̀ lọ sí ọ̀nà odò kékeré kan. Iwájú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ pupa tí ẹnu ọkọ́ ń dún lórí rẹ̀, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dúró dáadáa lórí ìpìlẹ̀ abẹ́-ògiri, mo ní kí bíríkìlà ṣe irú rẹ̀ fún mi. Ó fi rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí wọn gbogbo igun, iṣẹ́ rẹ̀ sì gún régé. N kò gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò kankan. Oyè ọ̀mọ̀wé tí mo gbà kò sọ fún mi pé kí n gbẹ́ ẹ. Ní òjò ọdún kejì, ògiri yàrá ẹ̀yìn sán láti igun fèrèsé títí dé ilẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá náà kò sì padé mọ́. Mo dí ibẹ̀, ó tún sán. Nígbà tí mo wá pe ẹnjiníà kan, kò tilẹ̀ wo ògiri náà pẹ́. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀. Amọ̀ eléérú tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ ni ó wà lábẹ́ kọnkéré níbẹ̀, ilẹ̀ pupa sì tó mítà kan sí i nísàlẹ̀. Omi sókàwéè tí mo gbẹ́ sí ìtòsí ibẹ̀ ló tún ń mú un rọ̀ sí i.

Àtúnṣe irú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú ṣe. A kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ gbogbo abẹ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilé má baà wó lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí. Ìwọ̀n mítà kan ni wọ́n gbẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, títí ó fi dé ilẹ̀ pupa. Wọ́n da kọnkéré tí ó jẹ́ sìmẹ́ǹtì ọ̀nà 1, iyanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 sí i, wọ́n sì dúró kí ó le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fo apá kan, tí wọ́n gbẹ́ òmíràn, títí gbogbo ẹ̀yìn ilé náà fi ní ẹsẹ̀ tuntun. Mo gbé sókàwéè lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, mo sì la ojú àgbàrá fún omi òrùlé. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ná mi lé ní ìlọ́po mẹ́ta owó tí ìpìlẹ̀ ẹ̀yìn ilé náà ì bá ná mi ká ní ó dé ilẹ̀ pupa níbẹ̀rẹ̀.

Mo fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sí òpin ìsán náà, mo sì kọ ọjọ́ sí i, gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà náà ṣe ní kí n ṣe, kí n lè mọ̀ bí ó bá tún gùn sí i. Òjò ọdún mẹ́rin ti kọjá lórí rẹ̀, ìsán náà kò tíì kọjá ìlà náà. Ilẹ̀kùn yàrá náà ṣì ń fẹ́ kí a fi èjìká tì í bí òjò bá pọ̀.